Àwa Tí A Ń Ṣọ́ Iyanrìn Olómitútù

Kí ẹ tó jókòó, ẹ bá mi ṣa àwọn ọ̀rá píọ̀ wọ́tà yẹn nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti Èkó dé láàárọ̀ yìí àti ẹ̀yin tí ẹ ti Ìbàdàn dé lánàá, kò sí ẹni tí mo bá wí. Mo kàn rí i pé bí ẹ ti mu omi tán, ọwọ́ yín ju ọ̀rá sílẹ̀ láìbi ọkàn yín léèrè. Ọwọ́ tiwa náà kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé ni àwa ń jù sílẹ̀. Bí a bá jẹ ẹ̀kọ tán, a ó ju ewé rẹ̀ sẹ́yìnkùlé, ewúrẹ́ á jẹ ẹ́, ilẹ̀ á jẹ èyí tí ewúrẹ́ bá ṣẹ́kù, ọ̀rọ̀ á tán. Nígbà tí ọ̀rá dé, ọwọ́ kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín kò ju ìyẹn náà lọ: ọwọ́ tí kò mọ̀ pé nǹkan ti yí padà, àti ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ṣe ilé yìí.

Ẹ̀yin kò mọ odò Olómitútù. Ẹ ti gba orí afárá rẹ̀ kọjá nínú ọkọ̀, ẹ ti rí igbó tó bò ó, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe mímọ̀. Nígbà tí ọkọ mi gbé mi láti Ayédé wá sí Ìpáò níbí, ó ku díẹ̀ kí a wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun tí gbogbo èèyàn ń pariwo rẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ omi kankan ládùúgbò wa. Odò ni gbogbo wa ń lọ. Ojú máa ń tì mí púpọ̀ nígbà náà. Ìwé kẹrin ni mo kà kí wọ́n tó yọ mí nílé ìwé, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ẹni tó bá kàwé jù mí lọ ló yẹ kó máa sọ̀rọ̀. Bí èèyàn bá ti pọ̀ díẹ̀ níbì kan, ilẹ̀ ni mo máa ń wò. Etí odò nìkan ni ẹnu mi ti ń là, nítorí pé ariwo omi máa ń bo ohùn mi mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Ní kùtùkùtù, ìró garawa lẹ óò kọ́kọ́ gbọ́, garawa tó ń kan ara wọn lórí ọ̀nà odò, àti ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí oorun kò tíì dá lójú wọn tán. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń fọṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í na aṣọ mọ́ àpáta, pà, pà, pà, olúkúlùkù pẹ̀lú ọwọ́ tirẹ̀, débi pé ẹni tó wà nílé á ti mọ̀ pé Ìyá Ìbejì ti dé odò, nítorí òun ló máa ń na aṣọ bíi pé aṣọ náà jẹ ẹ́ ní gbèsè. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, omi á fà sẹ́yìn, iyanrìn funfun á sì tẹ́ lọ rẹrẹ láti abẹ́ afárá títí dé ìdí àpáta ńlá. Gbogbo aṣọ agbo ilé la lè sá sórí rẹ̀. Àwọn ọmọ ìlú tó ń ti Èkó bọ̀ fún ọdún Àjíǹde máa ń sọ pé ó jọ etí òkun. Èmi kò rí òkun rí, n kò lè jẹ́rìí sí i.

Kí ọdún usu, ọdún iṣu tuntun, tó dé, àwọn ọkùnrin á ṣán ọ̀nà odò, àwa ìyàwó ilé á sì fi ọwọ̀ gbá iyanrìn. Ẹ ń rẹ́rìn-ín? A ń gbá iyanrìn o! Ìyàwó tó dé kẹ́yìn ló sì máa ń fi ọwọ̀ kan ilẹ̀ ṣáájú. Ní ọdún tí ó kàn mí, ojú tì mí débi pé n kò fẹ́ kí ojú mi ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ti ẹnikẹ́ni, ni mo bá kọ ẹ̀yìn sí odò, mò ń gbá, mò ń fi ẹ̀yìn rìn, títí mo fi gbá ara mi sínú omi. Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “odò kò ní kó o wá gbá òun náà!”

Ohun tí à ń gbá nígbà yẹn kò le. Ewé ni, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ẹ̀ka gbígbẹ ni. A ó wọ́ ọ jọ sí ìdí igi kan. Bí ọdún bá yí po, ilẹ̀ dúdú la máa bá níbẹ̀.

Ọ̀rá wá dé. Bí àlejò pàtàkì ló ṣe dé. Ẹ má rò pé a kórìíra rẹ̀! A máa ń fọ̀ ọ́, a máa ń sá a sórí okùn bí aṣọ, a máa ń ká a sábẹ́ ẹní. Ẹni tó bá gbé ọ̀rá tó ní àwòrán lọ sí ọjà, àwọn èèyàn á máa wò ó. Ó fúyẹ́, kò jò, kò ya bí ewé gbódògì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni píọ̀ wọ́tà wọlé, lẹ́yìn náà ni iyọ̀ wọ inú ọ̀rá, ẹ̀pà wọ inú ọ̀rá, ata lílọ̀ wọ inú ọ̀rá. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àlejò ti pọ̀ ju onílé lọ.

Ewúrẹ́ kan ló là wá lójú. Ìjọ wa ń sìn ín dé ọjọ́ ìkórè. Inú rẹ̀ wú, ó tóbi, gbogbo wa sì gbà pé ìbejì ló wà níbẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń jà sí èyí tí wọ́n máa rà nínú àwọn ọmọ. Nígbà tí ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀, ewúrẹ́ ṣubú lulẹ̀, ó kú. Wọ́n là á. Kò sí ọmọ kankan. Ọ̀rá ló ká jọ sínú rẹ̀ bí òṣùká. Màmá Kátíkíìsì ló dúró ti ibẹ̀. Ìyàwó kátíkíìsì ìjọ wa ni, obìnrin gíga kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ wà lódìkejì odò. Ó gbé ọ̀rá náà sókè.

“Oyún tí a ń dúró dè nìyí o,” ó ní. “Ẹ wá sọ ọ́ lórúkọ!”

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí àwa obìnrin tó bá fẹ́ máa bá òun ṣọ́ iyanrìn Olómitútù. Kò sí ẹni tó rán wa, kò sí ẹni tó fún wa ní kọ́bọ̀. Àwọn ọkùnrin tó ń ta ayò lábẹ́ igi sọ wá ní Aṣọ́yanrìn. Bí a bá ń kọjá, wọ́n á ní, “Ẹ̀yin Aṣọ́yanrìn, ẹ kú uṣẹ́ o! Ṣé iyanrìn tún fẹ́ sá lọ ni?” Ìyá Ìbejì á dáhùn pé, “Kì í ṣe iyanrìn nìkan o. Bí ìyàwó yín bá sá, a ó bá yín ṣọ́ òun náà.”

Àárọ̀ Sátidé la máa ń ṣe é. A ó bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ afárá, a ó rìn dé àpáta ńlá, a ó ṣa gbogbo ohun tí kì í ṣe ti odò. Lẹ́yìn náà, a ó jókòó, a ó yà wọ́n sọ́tọ̀tọ̀: píọ̀ wọ́tà níbí, ọ̀rá iyọ̀ lọ́hùn-ún, sálúbàtà já, ọ̀rá dúdú. Màmá Kátíkíìsì ló kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Ó ní bí a bá ń kó ìdọ̀tí láìmọ ẹni tó ń dà á, ẹrú onídọ̀tí la ń ṣe. Nítorí náà, a máa ń tẹ̀lé ọ̀rá bí ọdẹ ṣe ń tẹ̀lé ẹsẹ̀ ẹran, láti odò gun ojú àgbàrá, títí a ó fi rí ẹnu ọ̀nà tó ti jáde.

Àwa náà ṣìṣe o. Ní ọdún àkọ́kọ́, a gbẹ́ kòtò jíjìn sẹ́bàá iyanrìn, a da gbogbo ohun tí a kó sínú rẹ̀, a fi ilẹ̀ bò ó, a tẹ̀ ẹ́, a tilẹ̀ kọrin lé e lórí. Ohun tí àwọn ìyá wa fi kọ́ wa ni pé ohun tí èèyàn bá rì mọ́lẹ̀, yóò jẹrà. Ní ọdún kejì, omi kún, ó wú kòtò náà. Gbogbo rẹ̀ jáde wá síta bí a ṣe kó o sí i. Ọ̀rọ̀ pupa tí wọ́n kọ sára ọ̀rá iyọ̀ ṣì ń dán. Èmi tí mo ka ìwé kẹrin yìí kà á láìtase.

“Kò kú!” Ìyá Ìbejì figbe ta. “Òkú ọdún tó kọjá ló dìde yìí o!”

Láti ìgbà náà la ti mọ̀ pé ọ̀rá kì í di ilẹ̀.

Nínú gbogbo ohun tí à ń kó, ọ̀rá dúdú ló pọ̀ jù. Ẹ̀yin kò ní mọ ohun tó jẹ́. Kòkó tí àwọn bàbá ńlá yín gbìn ti darúgbó nígbà náà, gbogbo èèyàn sì ń tún un gbìn. Inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ń sin ọmọ kòkó létí omi, títí òjò á fi dé, tí wọ́n á kó wọn lọ sóko. Láyé àtijọ́, agbọ̀n kékeré tí wọ́n fi imọ̀ ọ̀pẹ hun ni wọ́n ń sin ín sí. Bàbá ọkọ mi mọ̀ ọ́n hun gan-an. Ó lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ máa hun lọ láìwò ó. Bí àkókò gbíngbìn bá tó, tọmọ tagbọ̀n ni wọ́n ń gbé wọ inú ilẹ̀. Gbòǹgbò á gba àárín agbọ̀n jáde, agbọ̀n á jẹrà, á di ilẹ̀. Wọ́n máa ń kìlọ̀ fún ọmọdé pé kò gbọdọ̀ já agbọ̀n lára ọmọ kòkó, torí bí ilẹ̀ bá tú ní ẹsẹ̀ rẹ̀, yóò rọ.

Àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ wá gbé ọ̀rá dúdú dé. Wọ́n pín in, wọ́n sì pe ìpàdé láti kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe máa lò ó: ẹ ó fi abẹ́ là á, ẹ ó bọ́ ọ kúrò, ẹ ó wá gbin ọmọ kòkó. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ń bọ́ ọ bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n bọ́ ọ, wọ́n á sì jù ú sáàárín poro. Òjò á gbá a, ó di Olómitútù. Ṣùgbọ́n Bàbá ọkọ mi kò sí nílé ní ọjọ́ ìpàdé. Ó lọ síbi ìsìnkú kan ní Ayédé, ó kàn ní kí wọ́n bá òun gba ọ̀rá tòun.

Bàbá ní àbúrò kan ṣoṣo. Èmi kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ̀, nítorí ìyàwó ilé ni mí, torí náà Bàbá Ìsàlẹ̀ ni mo ń pè é, nítorí pé ìsàlẹ̀ ilé wa ni ilé rẹ̀ wà. Oko kan ni bàbá wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Ìlà pèrègún ló là á sí méjì. Ọdún kan náà ni àwọn méjèèjì tún kòkó gbìn, òjò kan náà ló pa á. Nígbà tí ó di ẹ̀ẹ̀rùn kejì, ti Bàbá Ìsàlẹ̀ ń dú minimini, ti Bàbá sì ń pọ́n, ó ń ràn, ó ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan.

Inú Bàbá bàjẹ́. Kòkó yẹn ni gbogbo ohun tó fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Á dúró lẹ́bàá pèrègún, á wo ọ̀tún, á wo òsì.

“Ilẹ̀ kan náà,” á ní. “Ugi kì í kú lásán. Ẹni tó mọ ohun tó ṣe, ó mọ̀ ọ́n.”

Ọ̀rọ̀ kì í ní ẹsẹ̀, ó sì ń rìn. Ó dé etí Bàbá Ìsàlẹ̀. Èsì rẹ̀ náà dé ọ̀dọ̀ wa kí ilẹ̀ tó ṣú: “Ẹ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé bí mo bá mọ bí wọ́n ṣe ń fi ojú pa igi, iṣin tó ń da ewé sí àgbàlá mi ni ǹ bá kọ́kọ́ pa.”

Àwàdà ni, ṣùgbọ́n Bàbá kò gbà á ní àwàdà. Wọn kò kí ara wọn mọ́. Wọ́n á pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á yà fún ara wọn bí ẹni tó ń yà fún àpò sìmẹ́ǹtì.

Àwa Aṣọ́yanrìn wá tún dá kún un láìmọ̀. Nígbà tí a tọ ipa ọ̀rá dúdú, ojú àgbàrá oko Bàbá Ìsàlẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá. Màmá Kátíkíìsì di apẹ̀rẹ̀ kan lé orí, ó gbé e lọ síwájú ilé rẹ̀ níṣojú àwọn tó ń ta ayò. Ó ní, “Bàbá, ẹrù yín rèé. Odò ní òun kò gba tiyín.” Ojú ti ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ojú àgbàrá ti Bàbá, a wá a títí, a kò rí ọ̀rá kan ṣoṣo. Màmá Kátíkíìsì kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ẹ wo àgbàlagbà tó mọ iyì odò. Bàbá dìde, ó tún agbádá ṣe, ó tún jókòó. Inú tèmi náà dùn pé ilé wa ni wọ́n ń yìn.

Nígbà tí a dé ilé, ó ní, “Ẹni tó lè ba odò jẹ́, kí ni kò lè bà jẹ́?” Ó sì pe ẹbí jọ sí ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀. Ó sọ ohun tó fẹ́ sọ níwájú wọn fún mi, bí mo ti ń gbá iwájú ìta: àbúrò òun kò gbọdọ̀ tẹ oko òun mọ́, bí òun bá sì kú, kò gbọdọ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ sí òun lára. Ní ilé wa nígbà náà, ọ̀rọ̀ tí àgbà bá ti sọ níwájú ẹbí, òun fúnra rẹ̀ kò lè gbé e mì mọ́.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Màmá Kátíkíìsì dá mi dúró létí odò. “Ìyàwó, bá mi bi Bàbá bí wọ́n ṣe ń ṣe tiwọn. Níbo ni wọ́n ń kó ọ̀rá náà sí? Ẹ jẹ́ kí gbogbo ìlú kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà rìn ní gbogbo ọ̀sán bí ẹni gbé omi gbígbóná. Ìgbà tí Bàbá ń jẹ iyán lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo tó kúnlẹ̀.

“Bàbá, Màmá Kátíkíìsì ní kí n bi yín léèrè nǹkan kan.”

“Kí ló fà á tí kò fi bi mí fúnra rẹ̀? Ohùn tí wọ́n ń gbọ́ dé Òkè-Àkó!”

“Wọ́n ní níbo lẹ ń kó ọ̀rá ọmọ kòkó yín sí.”

“Ọ̀rá wo?”

“Èyí tó wà lára wọn kí ẹ tó gbìn wọ́n, sà.”

“Ó ṣì wà lára wọn.” Ó wò mí bíi pé mo bi í bóyá omi máa ń tutù. “Ìyàwó, ṣé èèyàn máa ń bọ́ aṣọ lára ọmọ kó tó tẹ́ ẹ sórí ẹní? Bí bàbá mi ṣe kọ́ mi ni mo ṣe gbìn ín. Tọmọ tagbọ̀n.”

“Tọmọ tọ̀rá, sà?”

“Agbọ̀n ni o, ọ̀rá ni o, ohun tó gbé e dání náà ni.” Ó bu òkèlè mìíràn.

Mo dìde, mo gbé abọ́, ṣùgbọ́n n kò mọ ibi tí mo gbé e lọ. Kòtò tí omi wú ni mò ń rí. Kòkó kò kú nítorí ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n wà nínú ọ̀rá lábẹ́ ilẹ̀, wọn kò rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Nítorí èyí ni a kò fi rí ọ̀rá Bàbá létí odò, nítorí èyí náà sì ni àbúrò rẹ̀ tí gbogbo wa dójú tì fi ní kòkó tó dú. Ọkọ mi wà ní Èkó, kò sì sí fóònù tó dé ọ̀dọ̀ wa nígbà náà. Bí mo bá sọ fún Màmá Kátíkíìsì, gbogbo ìlú ni mo sọ fún. Èmi nìkan ló kù, ọjọ́ Ìsinmi sì ti sún mọ́lé. Ta ni èmi, ìyàwó tí kò lè wo ojú èèyàn, tí mo fẹ́ lọ kọ́ bàbá ọkọ mi ní iṣẹ́ àgbẹ̀?

Ní ọjọ́ kejì, mo gbé oúnjẹ lọ bá a lóko. Ó dúró ti ọmọ kòkó kan tó ti gbẹ. Mo gbé oúnjẹ sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú ewé gbígbẹ.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fa èyí tó kú yìí tu.”

“Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ kí ẹ wo ìdí rẹ̀, sà.”

“Háà! Ìyàwó! O ti wá kọ́ mi ní àgbẹ̀?”

N kò dìde. Ó wò mí títí, ó wá fi àdá yí ìdí rẹ̀ po, ó fà á. Odidi ló jáde, bí ìgbà tí èèyàn bá yọ ìkòkò nínú ilẹ̀. Ọ̀rá náà ń dán bí ọjọ́ tí wọ́n pín in. Bàbá fi ẹnu àdá là á. Gbòǹgbò ti yí po, ó yí po, ó ká ara rẹ̀ mọ́ra bí okùn tí wọ́n ká sínú igbá, kò rí ojú kankan gbà jáde.

Bàbá jókòó sórí ilẹ̀. Ẹyẹ kan ń ké nínú oko Bàbá Ìsàlẹ̀, mo rántí ìyẹn.

“Agbọ̀n ì bá ti jẹrà,” ó ní.

“Ọ̀rá kì í jẹrà, Bàbá. A ti rì í rí létí odò. Bí a ṣe rì í la ṣe bá a.”

Ó ń fi ọwọ́ pa gbòǹgbò náà. “Èmi ni mo so wọ́n lọ́rùn,” ó ní. “Èmi, ọwọ́ mi yìí. Mo sì fẹ́ pe ẹbí jọ.” Ó wá béèrè ẹni tí mo ti sọ fún. Mo ní kò sí. Ó mi orí. “Lọ bá àbúrò mi. Sọ fún un pé mo ní kó mú abẹ́ dání, kó wá bá mi bọ́ aṣọ lára àwọn ọmọ. Àwọn kan ṣì ń mí.”

Mo sáré. Bàbá Ìsàlẹ̀ ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé. Ó gbọ́ mi tán, ó ń wò mí.

“Òun ló rán ọ, àbí ìwọ lo rán ara rẹ?”

“Àwọn ni, sà.”

“Ó pè mí ní àbúrò?”

“‘Àbúrò mi’ ni wọ́n wí, sà.”

Ó wọlé, ó mú abẹ́ jáde, ó ti gbàgbé láti wọ bàtà. Nígbà tí a dé ìdí pèrègún, ó dúró gbọn-in, kò sọdá.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n wọlé? Mo gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi ń pa igi.”

Bàbá kò gbé orí sókè. Ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀. “Oko tí bàbá rẹ gbìn,” ó ní, “ta ló ní kó o dúró síta rẹ̀? Máa bọ̀, kí oòrùn tó mú.”

Ó sọdá. Ó kúnlẹ̀ lódìkejì. Bàbá á gbẹ́, òun á là, èmi á bu ilẹ̀ dúdú padà sí i. Fún ìgbà pípẹ́, ìró abẹ́ lára ọ̀rá nìkan la ń gbọ́. Ìgbà tó pẹ́ ni Bàbá Ìsàlẹ̀ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bíi pé kòkó ló ń bá wí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá ti bi mí. Mo wà níbi ìpàdé yẹn.”

“Mo mọ̀ pé o wà níbẹ̀,” Bàbá dáhùn. “Ìdí tí n kò fi bi ọ́ nìyẹn.”

Ẹ̀rín ló pa Bàbá Ìsàlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú, Bàbá náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ti Bàbá kì í ṣe ẹ̀rín nìkan.

Ní Sátidé, a wà lórí iyanrìn bí a ti ń ṣe. Ẹ mọ̀ pé odò kì í ṣe ibi tí ọkùnrin àgbà ń wá bẹ́ẹ̀ láàárọ̀. A ṣàdédé rí Bàbá tó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, tí àbúrò rẹ̀ ń tẹ̀lé e. Ìyá Ìbejì fa aṣọ bo ara. Bàbá dé ọ̀dọ̀ Màmá Kátíkíìsì, ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀, ó dà á sórí òkìtì ọ̀rá dúdú wa.

“Bàbá, kí ni èyí?”

“Tèmi ni. Inú ilẹ̀ ló wà, òun ló ń pa kòkó mi. Mo wá dá ìyìn yín padà.”

Ìgbà kan ṣoṣo tí mo rí Màmá Kátíkíìsì tí ohùn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Ìsàlẹ̀ ló gbà á sílẹ̀. Ó ní, “Ẹ má jẹ́ kó ṣòfò o. Bí ẹ̀gbọ́n mi kò bá fẹ́ ẹ, ẹ fún èmi ní díẹ̀ níbẹ̀. Èébú nìkan lẹ ti ń fún mi láti ọjọ́ yìí.” Màmá Kátíkíìsì kúnlẹ̀ lórí iyanrìn, ó bẹ̀ ẹ́ fún apẹ̀rẹ̀ tó gbé lọ síwájú ilé rẹ̀. Ó ní kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ṣùgbọ́n bí òun ṣe gbé e kò dára. Láti ìgbà náà, a kì í gbé ìdọ̀tí ẹnikẹ́ni lọ síwájú ilé rẹ̀ mọ́. A ó lọ bá a lóko, a ó bá a jókòó, a ó bi í léèrè bó ṣe ń ṣe é.

Ẹbí péjọ lọ́jọ́ Ìsinmi. Àwọn kan ti gbọ́rọ̀ tẹ́lẹ̀, ojú wọn le. Bàbá dìde dúró. “Ẹjọ́ kan ni mo fẹ́ rò fún yín,” ó ní, “ṣùgbọ́n èmi gan-an ni ọ̀daràn rẹ̀, mo sì ti bẹ ẹni tí mo ṣẹ̀. Ẹ jẹun.”

Ayé ti yí. Wọ́n gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ojúde, olúkúlùkù sì fa tirẹ̀ wọ ilé. N kò ní kí ẹ padà sí odò o. Ọrùn mi kò tíì gbàgbé bí garawa ṣe wúwo. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹsẹ̀ kúrò lódò, ojú náà kúrò níbẹ̀. Wọ́n gbé kátíkíìsì lọ sí ìlú mìíràn pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ìyá Ìbejì ti sùn. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá. Igbó ti gba iyanrìn, ọ̀rá sì so mọ́ ẹ̀ka igbó náà bí èso. Mo ṣa ìwọ̀n tí ọwọ́ mi ká. Ààtàn kì í kọ ilẹ̀kílẹ̀, ṣùgbọ́n odò kì í ṣe ààtàn.

Nígbà tí Bàbá kú, Bàbá Ìsàlẹ̀ ló kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i lára. Ó pẹ́ kó tó ju èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Òun náà kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́la, kí ọkọ̀ yín tó gbéra, ẹ lọ sí oko yẹn. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni léèrè èyí tó jẹ́ ti Bàbá, ojú yín á mọ̀ ọ́n. Àwọn tí a bọ́ ọ̀rá lára wọn lọ́jọ́ yẹn kò tọ́ mọ́ láé. Ìdí wọn yí bí ẹni tó fẹ́ wẹ̀yìn, kí wọ́n tó nà gòkè. Ẹ fi ọwọ́ kan wọ́n. Wọ́n wọ́, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni wọ́n ń so.